Iná Pupa Tí Ń Ṣẹ́jú, àti Bí Mo Ṣe Pẹ́ Lọ́mọṣẹ́ ní Savalou

Àlímà ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó la ẹnu. Ó ní, "Bàbá Ráfíù, bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ yín fún àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá yín. Ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù."

Mo ti gbọ́. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá mi. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti jáde ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ jókòó tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ fi ayé yín ṣe, ẹ̀yin náà ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ kò ṣeé sọ tán kí iṣu tó jinná lórí iná.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo ṣe. Àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá a máa pè wá ní rẹwáyà. Bí iná iwájú mọ́tò kò bá tàn, bí fèrè rẹ̀ bá yadi, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó kọ̀ tí kò ṣíná, àwa ni wọ́n ń wá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Bantè, ní ilẹ̀ Benin wa níbí, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Pira. Mo ti fi í sílẹ̀ fún àwọn tí mo kọ́ báyìí, nítorí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, wáyà tín-ín-rín kì í sì í bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣeré. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Nígbà mìíràn mo ṣì máa ń jí láàárọ̀ kí n máa wá ṣòkòtò iṣẹ́ mi kiri. Àlímà á máa wò mí.

Lougba ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu, ó sì ní oko kajú. Ìwé kò wọ̀ mí lórí. Olùkọ́ ń sọ Faransé níwájú, ojú tèmi wà ní fèrèsé, nítorí pé ọkọ̀ tó ń wá kó kajú máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí bàbá mi rí i pé ibẹ̀ ni ọkàn mi wà, ó mú mi lọ sí Savalou, ó fà mí lé Ọ̀gá Dòsú lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bára wọn sọ lórí owó, wọn kò pè mí sí i. Èyí tó kàn mí ni ohun tí bàbá mi sọ nígbà tó ń wọ ọkọ̀ padà sílé. Ó ní, "Mufú, ọ̀gá rẹ ni bàbá rẹ báyìí. Bí ó bá nà ọ́, má wá fi ẹjọ́ sùn mí o."

Kò nà mí rí. Ì bá sàn kó nà mí.

Ọmọ ẹ̀yà Máhì ni Ọ̀gá Dòsú, ọmọ bíbí Savalou. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi ẹ ó rí i nínú aṣọ funfun báláú, láìwọ bàtà, tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sílé àdúrà. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti wọ káàkí tí wọ́n lẹ̀ lórúnkún, ó ti wà lábẹ́ mọ́tò. Ó ń bá àwọn oníbàárà sọ Máhì, ó ń bá èmi sọ Yorùbá, ó sì máa ń ki Faransé bọ àárín méjèèjì. Bí inú bá bí i, Máhì nìkan ló máa ń kù. Mo tètè gbọ́ Máhì, nítorí ẹni tí wọ́n ń bú yẹ kó mọ ohun tí wọ́n fi ń bú òun.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan mọ́tò kankan. Ó da ìdì wáyà kan síwájú mi, wáyà tó tú lára ọkọ̀ tó ti kú, gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Ó ní kí n tú u láì gé ọ̀kankan. Mo tú u títí èékánná mi fi ń ro mí. Nígbà tí mo parí, mo gbé e lọ bá a tayọ̀tayọ̀. Ó wò ó, ó ní, "Ó dáa." Ó tún lọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó dà á sílẹ̀, ó ní, "Tún un tú." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó di àáké mú lè sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń fi aṣọ dì mí lójú. Ó ní kí n máa fi ìka mọ wáyà tó nípọn yàtọ̀ sí èyí tó tín-ín-rín, kí n mọ èyí tó ti gbó yàtọ̀ sí èyí tó ṣì le.

"Ọ̀gá, ṣé afọ́jú ni ẹ fẹ́ sọ mí dà ni?" mo bi í.

"Abẹ́ tábúlò ṣókùnkùn," ó dá mi lóhùn. "Ojú rẹ kò lè dé ibẹ̀. Ìka rẹ ni yóò lọ."

Tábúlò ni pátákó iwájú awakọ̀, níbi tí aago ìsáré mọ́tò wà. Gbogbo wáyà ọkọ̀ ló ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, bí a bá sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ńṣe là ń sùn sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ wa yóò wà níta.

Ní ọjọ́ kan mo fi odindi ọjọ́ so wáyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Ọ̀gá dé, ó fi ìka tọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rí ibì kan tí tẹ́ẹ̀pù tí mo fi wé wáyà kò ti fún, ló bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gé ilá. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wáyà yìí ni o fẹ́ kó gbé ọmọ ọlọ́mọ dé Kutonu?" Mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ wá, ó fi í síwájú mi, ó ní òun kò jẹun mọ́. Irọ́ ni; ebi ń pa á. Mo jẹ ẹ́, mo sì so wáyà náà lákọ̀tun lọ́jọ́ kejì. Bí ọ̀gá mi ṣe rí nìyẹn. Ẹ ó bá irú wọn pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má tètè sá fún wọn.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọṣẹ́ kì í kàn di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀gá ló ń dá a sílẹ̀. Ọjọ́ ìdásílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní libérásíọ̀n, ọjọ́ ńlá ni. Àwọn ọ̀gá tó wà nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ wa á péjọ, ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á da pọ́dà sí i lórí títí yóò fi funfun, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á súre fún un. Ẹni tí wọn kò bá ṣe èyí fún, tó bá lọ dá ṣọ́ọ̀bù ṣí, ẹgbẹ́ á wá tì í pa. Ọ̀gá Dòsú tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun fúnra rẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, láti orí bátìrì títí dé ibi tí iná ti ń tàn. Kì í gba ti ẹnu gbọ́. "Mi ò dá ẹni tí mi ò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sílẹ̀ rí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọdún tó yẹ kó dá mi sílẹ̀ dé. A ti ra pọ́dà. Àlímà, àfẹ́sọ́nà mi nígbà náà, ti yan aṣọ tí yóò wọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú, inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. A to àwọn bátìrì sórí pákó, a ń fi iná sí wọn. Bátìrì tó bá ń gba iná a máa mí. Èémí rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, àmọ́ bí iná bá kàn án, ìbọn ni. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ mọ èyí. Awakọ̀ kan tó ti Djaloukou wá kò mọ̀ ọ́n. Ó ń kánjú, ó fẹ́ wò bóyá omi inú bátìrì òun ti tó, kò sì ríran dáadáa, ló bá yọ ìṣáná.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹrí ba, mò ń tú nǹkan lọ́wọ́, mi ò rí i. Ọ̀gá rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó sáré wọlé, ó fi apá méjèèjì ti èmi àti awakọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú tirẹ̀ ló wá kù níwájú bátìrì nígbà tó bú.

Omi kíkan inú rẹ̀ dà sí i lójú. Mo bu omi nínú àmù, mò ń dà á sí i lójú, mò ń dà á. Ohun kan ṣoṣo tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ojú tìrẹ ńkọ́? Mufú, ojú tìrẹ ńkọ́?" Títí di òní, bí mo bá rántí ohùn yẹn, omi máa ń lé sí mi lójú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dé ibi tí agbára wọ́n mọ. Ojú òsì kò ríran mọ́ láti ọjọ́ náà. Ti ọ̀tún ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku òjìji lásán, lẹ́yìn náà òjìji pàápàá lọ.

Awakọ̀ yẹn máa ń gbé iṣu wá láti Djaloukou ní gbogbo ìgbà iṣu tuntun. Á dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá á ní, "Dìde ńlẹ̀, jẹ́ ká jẹun." Mi ò gbọ́ kó dá a lẹ́bi rí. Èmi ni mo bínú sí i, mo bínú sí i pẹ́, títí ọ̀gá fi rán mi kí n lọ tún iná mọ́tò rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo rí bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe ń gbọ̀n bó ṣe ń ṣí kàpó tó bo ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ fún mi, ìbínú mi rọlẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Mo ti kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá kò sì ríran tó lè fi yẹ iṣẹ́ mi wò. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá bá mi, wọ́n ní ọ̀gá mìíràn lè dá mi sílẹ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Mo ní rárá, ẹni tó kọ́ mi ni yóò dá mi sílẹ̀. Wọ́n lọ bá ọ̀gá pé kó kàn da pọ́dà náà, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ náà mọṣẹ́. Ó ní rárá, òun kò dá ẹni tí òun kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sílẹ̀ rí. Àgbà kan mirí, ó ní, "Orí kunkun pàdé orí kunkun." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tí èmi àti ọ̀gá mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ jáde, ni pé ọjọ́ tí mo bá lọ ni ṣọ́ọ̀bù yóò tì. Ìyàwó ọ̀gá ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀, Jùlí, wà ní Kutonu, ó sì ti ń sọ pé kí bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun yóò ra àga onítìmùtìmù fún un. Ọ̀gá sọ fún mi nípa àga náà ní ọjọ́ kan. Ó ní, "Wọn ó gbé mi kalẹ̀ sórí rẹ̀ láàárọ̀, wọn ó gbé mi kúrò lórí rẹ̀ lálẹ́." Ó tún ní, "Mufú, mi ò tíì fẹ́ di ẹrù." Bí mi ò bá sì lọ, ọmọṣẹ́ ni n ó jẹ́ títí ayé. Àlímà fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó kó wá sí Savalou, ó ń ta gaàrí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ìyàwó ọmọṣẹ́. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Bí a bá ti ku àwa méjì, kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é díẹ̀ sí i. Àgbà yẹn ò lẹ́lòmíì."

Ibẹ̀ ni iná pupa ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà yẹn àwọn olè ń jí mọ́tò gbé lójú ọ̀nà wa. Alájì Ràjí, awakọ̀ tasín akérò kan tó ń ná Savalou sí Bantè, kò ní ibi tó lè ti mọ́tò rẹ̀ mọ́, ló bá ń sùn nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ kan ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bùràímọ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù wá.

"Ọ̀gá Dòsú, ẹ gbà mí lọ́wọ́ orogún."

"Orogún wo?" ọ̀gá bi í.

"Mọ́tò ni. Láti ìgbà iléyá, ọkọ mi kò tíì sùn nínú ilé. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún un, inú mọ́tò ló ti ń jẹ ẹ́. Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan tí yóò máa ṣọ́ mọ́tò náà, kí n lè rí ọkọ mi gbà padà."

Ọ̀gá ronú. Olè kì í fẹ́ mọ́tò tí nǹkan ń ṣọ́. Bó bá rí iná pupa kékeré kan lórí tábúlò tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú, á rò pé ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó lè ké, á sì kọjá lọ síbòmíì. Àmọ́ kí ni yóò mú un ṣẹ́jú? Gbogbo mọ́tò ló ní àpótí kékeré tó ń mú iná ìyàsọ́nà ṣẹ́jú, sántíráàlì là ń pè é. Ti mọ́tò kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gílóòbù kékeré kan ṣoṣo, ẹrù náà fúyẹ́ jù fún un. Ọ̀gá ní kí n lọ tú ti alùpùpù kan wá, torí ti alùpùpù kì í béèrè púpọ̀. Mo fa wáyà láti orí bátìrì tààrà, nítorí iná náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo fi físíbù sí i nítòsí bátìrì, kí ó lè já bí nǹkan bá ṣe wáyà, kí mọ́tò má gbiná. Mo fi ohun ìtaná sí ìkọ̀kọ̀ kan. Lọ́dọ̀ wa, ibi ìkọ̀kọ̀ yẹn, awakọ̀ àti oníná nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Èmi ni kí ẹ máa gbé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ wá fún o. Mi ò rí i, mi ò lè tú u."

Iná náà tàn. Bó ṣe ń ṣẹ́jú ni sántíráàlì ń dún, tà, tà, tà. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó na ọwọ́, ó gbé ìka lé gílóòbù náà, ó rí i pé ó ń gbóná. Láti ìgbà ìjàǹbá náà, iná àkọ́kọ́ tó lè fi etí àti ọwọ́ mọ̀ nìyẹn.

Alájì sùn nínú ilé. Wọ́n bí ọmọ sí i, àdúgbò sì ń pè é ní Ọmọ Iná. Ìyá Bùràímọ̀ kò bínú sí i. Nígbà tí Alájì lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe iléyá ní Pira, ó wọ ọkọ̀ ẹlòmíì lọ, ó fi mọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pa iná náà. Kó tó dé, bátìrì ti kú fin-ín. Ó sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọ̀gá, wọn ò rí mọ́tò jí o, iná inú bátìrì ni wọ́n jí." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ojú rẹ̀ ti lọ.

Ìròyìn tàn kálẹ̀, àwọn awakọ̀ tasín sì ń wá pé kí a ṣe tiwọn náà. Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "Mufú, mo lè yẹ iṣẹ́ wò báyìí. Dá ṣe ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo dá ọ sílẹ̀." Mo ṣe é. Ó fi ìka tọ wáyà náà, ó fetí sí sántíráàlì, ó ní tẹ́ẹ̀pù mi kò fún. Mo tún òmíràn ṣe. Ó ní wáyà gùn jù. Mo tún ṣe. Ó ní òjé tí mo fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ jù. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ mi ń lọ sílé ẹ̀kọ́, orí mi ń hu ewú, èmi ṣì ni ọmọṣẹ́ Ọ̀gá Dòsú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní ọmọṣẹ́ arúgbó. Mo mọ iṣẹ́ mi, tẹ́ẹ̀pù mi fún. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀gá náà. Bó bá ti ní, "Kò tíì tó," mo máa ń ní, "Ó dáa, ọ̀gá, n ó tún un ṣe."

Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gílóòbù kan lẹ́nu wáyà méjì la fi ń wá ibi tí iná ti já. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ nọ́ńbà dé. Nígbà tí mo wá dé Bantè, mo rí mọ́tò tó ní ọpọlọ tirẹ̀, tí àwọn tí mo kọ́ ń fi fóònù bá sọ̀rọ̀, tí yóò sì sọ ibi tó ń dùn ún. Èmi á wò wọ́n, inú mi á dùn, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Kó tó di ìyẹn, nígbà tí mo ṣì wà ní Savalou, ni oníṣòwò kan gbé irú iná kan wá láti Nàìjíríà. Kò ju orí ìṣáná lọ. Ó ń dá ṣẹ́jú fúnra rẹ̀, kò nílò sántíráàlì. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ títí iléyá fi kọjá, kò lè pa bátìrì. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Èyí tó gùn ń lọ sọ́dọ̀ bátìrì, èyí tó kúrú ń lọ sí ara irin mọ́tò, tí à ń pè ní másì. A gbọ́dọ̀ fi résísítáǹsì ṣáájú rẹ̀, ìyẹn nǹkan kékeré aláwọ̀ mélòó kan tó ń dín agbára iná kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jó lójú ẹsẹ̀.

Alájì Ràjí ti ra mọ́tò mìíràn, ó ní irú iná yìí lòun fẹ́. Mo ṣe é. Mo pe ọ̀gá.

Ó jókòó sí ipò awakọ̀. Ó fi ìka tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fà á, kò já. Ó fọwọ́ pa ojú òjé, ó jọ̀lọ̀. Ó rí físíbù. Ó wá gbé ìka lé iná náà. Kò gbóná. Ó tẹ́ etí. Kò dún. Ìta dákẹ́, Alájì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, èmi lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá. Iná náà ń ṣẹ́jú lábẹ́ ìka rẹ̀, pupa rẹ̀ ń tàn sí i léèékánná, ọ̀gá mi kò mọ̀.

"Mufú, ṣé ó ń tàn?"

"Ó ń tàn, ọ̀gá."

"Ṣé ó ń ṣẹ́jú?"

"Ó ń ṣẹ́jú."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Tẹ́ẹ̀pù tó o kọ́kọ́ lọ́, lọ́jọ́ kìíní tí mo dán ọ wò, fún dáadáa."

Ó tún fọwọ́ pa wáyà náà, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Wáyà yẹn kò gùn jù. Òjé yẹn kò pọ̀ jù. Mo ń wá ẹ̀sùn sí ọ lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀, ọ̀gá," mo ní.

"O mọ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ó yíjú sí mi, bí ẹni tó fẹ́ wò mí. Ó ní, "O mọ̀, o sì ń tún un ṣe." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rò pé ojú yẹn ṣì lè sunkún. Alájì yí ẹ̀yìn padà, ó ń nu dígí mọ́tò tí kò dọ̀tí. Ọ̀gá fọwọ́ wá orí mi, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "O ní ó ń tàn. Mo gbà pé ó ń tàn. Sọ fún Àlímà kó lọ ra pọ́dà."

Pọ́dà tí a rà nígbà àkọ́kọ́ ti dì bí òkúta, kí n sọ fún yín. Àlímà ra tuntun, ó sì wọ aṣọ tó yan láti ìgbà èwe, ó ní kò gba òun mọ́ bíi tàtijọ́ níbi ìdí. Ẹgbẹ́ péjọ. Ọmọ mi àgbà dúró, ó ń wo bàbá rẹ̀ tó kúnlẹ̀. Ọ̀gá wọ aṣọ funfun rẹ̀, kò wọ bàtà, wọ́n mú un lọ́wọ́ dé iwájú mi. Ó da pọ́dà náà, ó dà á sí orí mi, sí èjìká mi, sí imú mi, torí kò rí ibi tó ń dà á sí, aṣọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà sì gbà nínú rẹ̀. Ó súre fún mi ní Máhì. Mo ti sọ fún yín pé bí inú bá bí i ló máa ń sọ Máhì. Ní ọjọ́ yẹn mo gbọ́ ọ fún ohun mìíràn.

Jùlí wá láti Kutonu fún ayẹyẹ náà. Mọ́tò tó gbé e wá dúró níta, Jùlí sì ti di ẹrù bàbá rẹ̀ sínú àpótí kan. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọ̀gá, pọ́dà ṣì wà lórí mi.

"O ti dòmìnira," ó ní. "Bantè lo ó lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Wọ́n ti fún mi nílẹ̀ kan lọ́nà Pira." Mo sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, abẹ́ tábúlò ṣókùnkùn. Mo ń wá ẹni tó mọ wáyà, tí yóò bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Jùlí gbọ́ ọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Àlímà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọn ó ní ọ̀gá ti di ọmọṣẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀," Ọ̀gá Dòsú sọ pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Kí wọ́n máa wí, ọ̀gá. Èmi náà pẹ́ lẹ́nu wọn."

Ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka rẹ̀ yòókù, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà le. Mo wo àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà mí ju ọjọ́ tí bátìrì bú lọ.

"Aago mélòó lo fẹ́ máa ṣí ṣọ́ọ̀bù náà?" ó bi mí.

"Aago mẹ́jọ, ọ̀gá."

Ó mirí. Ó ní, "Ó ti pẹ́ jù. Aago méje la ó máa ṣí i."